Ọ̀rá tó kàsì nínú omijé: kí ni ẹ̀rọ ìwọ̀n ń rí lára ẹni tí ojú rẹ̀ ń gbẹ?

Bí ọyẹ́ bá ti dé, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, títí dé ẹsẹ̀ òkè Ṣábẹ̀ẹ́, ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, ohùn kan náà lẹ máa gbọ́: ojú ń ta mí, ó dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mìíràn ti wá dà pọ̀ mọ́ ẹjọ́ yìí lórí WhatsApp. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ti ṣe ẹ̀rọ kan tó ń rí "òróró jíjẹrà" nínú omijé. Wọ́n ní òróró yẹn ló ń gbẹ ojú. Wọ́n ní kí ẹni tí ojú ń ta tètè ra oògùn òróró ẹja, ara á tù ú.

Ohun mẹ́ta ni wọ́n lọ̀ pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan yìí: iṣẹ́ ìwádìí tó ń lọ ní láàbù, àyẹ̀wò tí dókítà ojú ń ṣe, àti ọjà tí ẹnìkan fẹ́ tà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ òótọ́. Ọ̀nà tí wọ́n gbà so ó mọ́ méjì yòókù ló ń da àwọn ènìyàn láàmú.

Ṣé ojú gbígbẹ àti Àpólò kan náà ni?

Rárá. Kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ló ń fa Àpólò. Ó ń ràn láti ojú ẹnìkan sí ti ẹlòmíràn nípa ọwọ́ àti aṣọ ìnujú; ojú á pọ́n, á wú, nígbà tó bá di ọjọ́ mélòó kan á lọ. (Ọdún 1969 tí ọkọ̀ Apollo 11 gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ni àjàkálẹ̀ rẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá.)

Ojú gbígbẹ kì í ràn, ó sì máa ń pẹ́ lára. Ní 2017, ìgbìmọ̀ onímọ̀ ojú láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tí à ń pè ní TFOS DEWS II ṣàlàyé rẹ̀ pé ó jẹ́ àìsàn tí orísun rẹ̀ pọ̀: omijé tó bo ojú kò dúró ní ipò tó yẹ mọ́, ó tètè ń ya, iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù, ara ojú ń wú, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ojú náà kò sì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Kò sí níbì kankan nínú ìtumọ̀ yìí tí wọ́n ti ní ojú gbọ́dọ̀ ṣàìlómi. Ẹni tí omi ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò nínú ọyẹ́ lè jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ ń gbẹ gan-an, torí omi tí kò ní ọ̀rá lórí kì í dúró. Ńṣe ló ń ṣàn kọjá.

Kí ni ọ̀rá ń wá nínú omijé?

Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ tí epo léfòó bò. Ooru ọbẹ̀ náà kì í tètè jáde. Iṣẹ́ tí ọ̀rá ń ṣe lórí omijé sún mọ́ èyí: ó ń dín bí omi ṣe ń gbẹ lọ kù, ó sì ń jẹ́ kí omijé tẹ́ lórí ẹyinjú láì ya.

Ó tín-ín-rín kọjá ohun tí ojú lásán lè rí. Gbogbo omijé tó bo ẹyinjú nípọn tó nǹkan bíi máíkírómítà 3, ìyẹn 3 nínú 1,000 mílímítà. Ọ̀rá orí rẹ̀ kò ju nǹkan bíi nánómítà 40 sí 100 lọ (nánómítà 1,000 ló wà nínú máíkírómítà kan). Àwọn àpò ọ̀rá kéékèèké tó tò sínú ìpéǹpéjú ló ń tú u jáde. Wọ́n tó 25 sí 40 nínú ìpéǹpéjú òkè, 20 sí 30 nínú ti ìsàlẹ̀, ẹnu wọn sì wà ní etí ìpéǹpéjú, lẹ́yìn ibi tí irun ti hù. Heinrich Meibom ará Jámánì ló ṣàpèjúwe wọn ní 1666, ìdí nìyí tí àwọn dókítà fi ń fi orúkọ rẹ̀ pè wọ́n. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣẹ́jú, wọ́n ń tú díẹ̀ jáde, ìpéǹpéjú á sì nà án bo omijé.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rá yìí kì í ṣe irú èyí tó wà nínú òróró tí a fi ń dín àkàrà. Oríṣi ìda àti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí a so mọ́ ásíìdì ọ̀rá ló kó èyí tó pọ̀ jù. Ásíìdì ọ̀rá tó máa ń tètè bàjẹ́, bíi linoleic àti arachidonic, kéré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó kéré yìí gan-an ni ìwádìí ń lépa.

Báwo ni ọ̀rá ṣe ń kàsì?

Ẹni tó bá ti tọ́jú ẹ̀gúsí bíbó pẹ́ jù, tàbí tó gbàgbé ike òróró ẹ̀pà sínú oòrùn láì dé e, ti mọ̀ ọ́n. Òórùn rẹ̀ á yí padà, á máa korò lẹ́nu. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ti wọ inú mólékù ọ̀rá náà. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú omijé, nítorí náà ni a ó ṣe máa pè é ní ọ̀rá tó kàsì.

Mólékù ásíìdì ọ̀rá rí bí ẹ̀wọ̀n gígùn tí a fi kábọ́ọ̀nù rọ. Níbi tí ìdè onílọ́po méjì bá ti wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì kábọ́ọ̀nù kan, háídírójìn ara kábọ́ọ̀nù àárín yẹn kì í dì mọ́ ọn dáadáa. Mólékù kan tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ dá wà lè já a gbà. Èéfín, ìtànṣán oòrùn, àti àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà, gbogbo wọn ló ń mú irú mólékù bẹ́ẹ̀ jáde. Ọ́síjìn á wọlé síbi tó ṣófo. Mólékù ọ̀rá tí èyí ṣẹlẹ̀ sí á tún já háídírójìn aládùúgbò rẹ̀ gbà, bí iná ṣe ń fò láti orí òrùlé koríko kan bọ́ sí ìkejì.

Oleic, tó pọ̀ nínú ọ̀rá ìpéǹpéjú, ní ìdè onílọ́po méjì kan ṣoṣo, kì í tètè kàsì. Linoleic ní méjì, arachidonic ní mẹ́rin, DHA tó wà nínú òróró ẹja ní mẹ́fà. Bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i ni ọ̀rá náà ń yára bàjẹ́ sí i. Nígbà tí ó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó máa ń fi àwọn mólékù kúkúrú sílẹ̀, bíi malondialdehyde tí à ń pè ní MDA àti 4-HNE. Àwọn wọ̀nyí máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì, wọn kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Ibi tí àwọn tó ń pín àtẹ̀jíṣẹ́ kiri ti ṣìnà jù lọ ni pé kì í ṣe gbogbo ọ̀rá tí ọ́síjìn wọ̀ ló jẹ́ ìbàjẹ́. Ọ̀nà kejì wà. Ara fúnra rẹ̀ ní ẹ́ńsáìmù, pàápàá COX àti LOX, tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ́síjìn sára arachidonic àti àwọn ásíìdì ọ̀rá mìíràn bíi DHA láti fi ṣe ìránṣẹ́. Prostaglandin E2 wà lára wọn, òun ló ń mú kí ibi tó farapa pọ́n kó sì máa dunni. Leukotriene B4 ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun wá. Lipoxin àti resolvin ń ṣe òdìkejì: àwọn ni wọ́n ń sọ fún ara pé ìjà ti tó. Nítorí náà, ìròyìn tó bá ní "ọ̀rá ọlọ́síjìn pọ̀ nínú omijé" láì dárúkọ èwo, kò tíì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè lò.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì?

Orúkọ ẹ̀rọ náà ni mass spectrometer. Àwọn tó kàwé ní èdè Faransé níbí á mọ̀ ọ́n sí spectromètre de masse. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ẹ̀rọ ìwọ̀n, torí ìwúwo mólékù ló ń wọ̀n.

Omijé tó wà lójú kan ní àkókò kan tó nǹkan bíi máíkírólítà 7. Ẹ̀kán kan láti inú ìgò oògùn ojú máa ń tó 30 sí 50. Inú omi tí kò tó ìdá mẹ́rin ẹ̀kán yìí ni wọ́n ti ń wá mólékù tó kéré gan-an láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rá mìíràn.

Wọn kì í da gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ pọ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ tì í gba inú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí fífẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 2.1, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 100 tàbí 150, tó kún fún lúbúlúbú síílíkà tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n oníkábọ́ọ̀nù 18 mọ́. Omi tí wọ́n fi ásíìdì díẹ̀ sí ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi tì í. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa fi acetonitrile tàbí methanol rọ́pò omi náà. Ọ̀rá tí ọ́síjìn ti wọ̀ fẹ́ràn omi ju èyí tí kò wọ̀ lọ, nítorí náà òun ló ń kọ́kọ́ jáde. Ìṣẹ́jú tí olúkúlùkù jáde jẹ́ àmì ìdánimọ̀ àkọ́kọ́.

Ní ẹnu ọ̀pá náà, abẹ́rẹ́ kan wà tí iná tó lágbára tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí mẹ́rin fólìtì wà lára rẹ̀. Omi tó ń jáde níbẹ̀ á di ìrì wíńníwínní, á gbẹ, mólékù á sì ṣẹ́kù lójú afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ṣáàjì iná lára. Nítorí ọgbọ́n yìí ni John Fenn ará Amẹ́ríkà ṣe wà lára àwọn tó pín ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2002. Fún ásíìdì ọ̀rá, ẹ̀rọ máa ń lo ṣáàjì òdì: mólékù á pàdánù háídírójìn kan, ohun tó ṣẹ́kù ni wọ́n á wọ̀n.

Ìṣirò ibẹ̀ kò le. Lórí òǹkà tí háídírójìn kan ti tó nǹkan bíi 1, linoleic tó ti pàdánù háídírójìn kan wúwo tó 279.23. Ọ́síjìn kan wúwo tó 15.995. Bí ọ́síjìn kan bá wọ linoleic, a ó rí 295.23, HODE ni wọ́n ń pè é. Bí méjì bá wọ̀ ọ́, a ó rí 311.22. Arachidonic bẹ̀rẹ̀ láti 303.23, ọ́síjìn kan á sọ ọ́ di 319.23, ìyẹn HETE.

Ìwúwo nìkan kò tó. Ọ́síjìn lè wọ arachidonic ní ibi púpọ̀, ìwúwo á sì dọ́gba. 5-HETE, 12-HETE àti 15-HETE (nọ́ńbà iwájú ń sọ ibi tí ọ́síjìn wọ̀), 319.23 ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà jáde yàtọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ni pé ó máa ń fi gáàsì gbá mólékù náà kí ó fọ́, kí ó tún wọn èérún rẹ̀. Ibi tí ọ́síjìn wà ló máa ń kọ́kọ́ kán. 5-HETE á fi èérún 115 sílẹ̀, 12-HETE á fi 179, 15-HETE á fi 219. Bákan náà, 9-HODE ń fi 171 sílẹ̀, 13-HODE ń fi 195. Nígbà mìíràn, èyí náà kì í tó. Prostaglandin E2 àti D2 jọ wúwo tó 351, èérún wọn sì jọra. Ìṣẹ́jú tí wọ́n jáde nínú ọ̀pá nìkan ló lè yà wọ́n. Láàbù tó bá sáré jù, tí kò jẹ́ kí ọ̀pá ya wọ́n dáadáa, á pe ọ̀kan ní èkejì.

Kí wọ́n tó lè sọ iye, wọ́n máa ń fi ẹlẹ́rìí sínú omijé láti ìbẹ̀rẹ̀: mólékù kan náà tí wọ́n ti fi háídírójìn wíwúwo rọ́pò mẹ́jọ lára ti tẹ́lẹ̀. 5-HETE irú èyí á jáde ní 327 dípò 319. Ohun yòówù tó bá dànù lọ́nà, bákan náà ló ń dànù lára méjèèjì. Bí ìdajì ẹlẹ́rìí bá sọnù, wọ́n mọ̀ pé ìdajì ohun tí wọ́n ń wá ti sọnù.

Kí ló lè ba omijé jẹ́ kó tó dé iwájú ẹ̀rọ?

Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù lọ. Ohun tí wọ́n bá gbé fún ẹ̀rọ ló máa wọ̀n. Bí ọ̀rá bá kàsì lójú ọ̀nà, á rí i, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bíi pé inú ojú ló ti wá.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà gba omijé. Èkíní ni ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ onímáíkírólítà 5 tàbí 10 tí wọ́n ń fi kan omijé ní ìkángun ojú lápá ìta, láì jẹ́ kó kan ara. Ìkejì ni bébà Schirmer, tó fẹ̀ tó mílímítà 5, tó gùn tó 35. Wọ́n á ká orí rẹ̀, wọ́n á fi kọ́ ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ níbi ìdá mẹ́ta tó sún mọ́ ìta, aláìsàn á rọra di ojú fún ìṣẹ́jú 5. Bébà rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń fa ara ìpéǹpéjú, ó ń kó sẹ́ẹ̀lì àti ọ̀rá awọ ara mọ́ra, ó sì ń ta ojú. Ojú tí a ta á sun ẹkún, omi ẹkún náà á sì là ọ̀rá tí à ń wá. Ẹni tí ojú rẹ̀ gbẹ jù ni èyí ń ṣe ní ibi jù lọ, torí òun ni kò ní omi tó pọ̀ láti fún wọn, òun náà sì ni wọ́n ń ta lójú kí ó lè ní.

Ohun tí a fi para kàn án gbọ̀ngbọ̀n níbí. Òrí, adín àgbọn, ìpara ojú, gbogbo wọn jẹ́ ọ̀rá, wọ́n sì pọ̀ níye ju ọ̀rá omijé lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wé. Bébà tó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí a fi òrí pa ní àná ti di bébà òrí. Tìróò náà wà níbẹ̀: lúbúlúbú rẹ̀ máa ń wà létí ìpéǹpéjú gan-an, lẹ́nu àwọn àpò ọ̀rá. (Yàtọ̀ sí ti ìwádìí, òjé ló wà nínú púpọ̀ lára tìróò. Èyí tí wọ́n yẹ̀ wò ní Boston ní 2011, tí wọ́n mú wá láti Nàìjíríà fún ọmọ ọwọ́ kan, òjé kó ju ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ lọ. Kò yẹ kí a máa lé e sójú ọmọdé.)

Oògùn ojú kan wà tí wọ́n fi òróró lárà pò, ó sì máa ń dá ìṣòro tó jinlẹ̀ sílẹ̀. Ásíìdì tó pọ̀ jù nínú òróró lárà ni ricinoleic. Ọ́síjìn wà lára rẹ̀ láti inú èso. Ìwúwo rẹ̀ lójú ẹ̀rọ jẹ́ 297.24. Bí ọ́síjìn kan bá wọ oleic ojú fúnra rẹ̀, 297.24 ni yóò di. Ẹ̀rọ tó mọ ìwúwo dé ibi ìdá ẹgbẹ̀rún kò lè yà wọ́n nípa ìwúwo. Àfi kí wọ́n wo èérún: ricinoleic máa ń fi 183 sílẹ̀. Ẹni tó lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀ lè dà bí ẹni tí ọ̀rá ojú rẹ̀ ti kàsì pátápátá.

Lẹ́yìn gbígbà ni eré tó yá jù. Bébà tí omijé rẹ̀ gbẹ sórí tábìlì ti tẹ́ ọ̀rá síta fún afẹ́fẹ́, bí ẹni sá ẹ̀gúsí. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n ju bébà náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ sínú ìgò gíláàsì tí methanol tútù wà, pẹ̀lú BHT tó ń dá kíkàsì dúró àti ẹlẹ́rìí onìwúwo tí a sọ ṣáájú, kí wọ́n gbé e sórí yìnyín, kí ó sì dé inú firísà −80 °C. Firísà −20 °C ti ilé kò tó, kíkàsì ń lọ nínú rẹ̀, ó kàn ń rọra lọ ni. Bí wọ́n bá gba omijé ní Ṣábẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ sí Kùtọnu, yìnyín gbígbẹ tó wà ní −78 °C ni wọ́n ní láti fi dì í ní gbogbo ojú ọ̀nà. Ìgò tó yọ́, tó tún dì, tó tún yọ́ nítorí pé iná lọ, kò ṣeé gbára lé mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ gbé e dé láàbù tó dára jù lọ láyé.

Ní láàbù náà, ewu kò tíì tán. Ike rọ́bà máa ń tú ọ̀rá tirẹ̀ sínú methanol, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo gíláàsì. Wọ́n á fi náítírójìn fẹ́ ẹ gbẹ. Bí wọ́n bá fi afẹ́fẹ́ lásán ṣe é, ọ́síjìn ni wọ́n ń fẹ́ lé ọ̀rá lórí. Wọ́n á fi nǹkan bíi máíkírólítà 50 methanol pò ó padà, wọ́n á ti 5 sí 10 nínú rẹ̀ sínú ọ̀pá. Iná abẹ́rẹ́ tó ń fọ́n ìrì lè fi ọ́síjìn sára ọ̀rá fúnra rẹ̀. Ìyẹn ṣeé mọ̀: ọ́síjìn tó wọ̀ ọ́ lẹ́nu abẹ́rẹ́ á jáde ní ìṣẹ́jú kan náà pẹ̀lú ọ̀rá tí kò kàsì, torí ọ̀rá tí kò kàsì ni ó jẹ́ nígbà tó ń gba inú ọ̀pá kọjá.

Ìdí nìyí tí ìwádìí tó péye fi máa ń ní bébà òfìfo, tí kò kan ojú ẹnikẹ́ni, tí wọ́n gbà la gbogbo ìgbésẹ̀ kọjá. Iye tí ẹ̀rọ bá rí lára rẹ̀, láàbù ló ti wá. Àwọn kan tún máa ń fi arachidonic oníháídírójìn wíwúwo tí kò kàsì sínú ìgò láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá bá ọ́síjìn lára rẹ̀ ní ìkẹyìn, wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ àwọn ni ó ti kàsì.

Kí ni wọ́n ti rí, kí sì ni wọ́n ń jiyàn lé?

Ní Japan ní 2007, àwọn onímọ̀ mú eku, wọ́n sì ṣe é tí wọn kò fi lè ṣẹ́jú bó ṣe yẹ. Àmì ọ̀rá tó kàsì pọ̀ sí i lórí ojú àwọn eku náà. Ní Kòríà ní 2016, wọ́n rí i pé MDA àti 4-HNE pọ̀ nínú omijé àwọn tí ojú wọn ń gbẹ ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ. Èròjà tó ń lẹ̀ mọ́ mólékù kan ni wọ́n fi ṣe ti Kòríà, kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọ̀n. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń lọ kiri kì í ya èyí sọ́tọ̀, ó sì yẹ kí a yà á, torí irú èròjà bẹ́ẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ohun tó jọ mólékù náà. Ní Amẹ́ríkà ní ọdún kan náà, ìwádìí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ìwọ̀n ṣe fi hàn pé ìṣirò ọ̀rá omega-6 (irú linoleic àti arachidonic) sí omega-3 (irú DHA inú òróró ẹja) nínú omijé bá bí omijé ṣe dàrú sí lára aláìsàn mu.

Ìjà àkọ́kọ́ wà lórí èwo ló ṣáájú. Àwọn kan ní ọ̀rá tó kàsì ló ń ba sẹ́ẹ̀lì ojú jẹ́, tó sì ń mú ojú gbẹ. Àwọn mìíràn ní ojú ti gbẹ tẹ́lẹ̀, iyọ̀ ti pọ̀ nínú omijé, àwọn sẹ́ẹ̀lì ajagun ti dé, àwọn náà ló wá kó ìbàjẹ́ bá ọ̀rá. Wíwọn omijé lẹ́ẹ̀kan kò lè dá ẹjọ́ yìí, torí méjèèjì á fi nọ́ńbà kan náà hàn. Ohun tó lè ràn wọ́n lọ́wọ́ díẹ̀ ni irú ọ̀rá tó kàsì. Ẹ́ńsáìmù 15-LOX máa ń ṣe 13-HODE ní pàtàkì, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe 9-HODE. Bí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kíkàsì lásán ni. Isoprostane, ohun tí arachidonic ń dà bó bá kàsì láìsí ọwọ́ ẹ́ńsáìmù níbẹ̀, náà jẹ́ ẹlẹ́rìí irú èyí, ṣùgbọ́n ìwúwo rẹ̀ àti ti prostaglandin F2α dọ́gba, ní 353, wàhálà ìyàsọ́tọ̀ tún padà dé.

Ìjà kejì jẹ́ ti òǹkà. Láàbù kan á ní iye yìí ló wà nínú máíkírólítà omijé kan, òmíràn á fi purotéènì pín in, ẹ̀kẹta á fi gbogbo ọ̀rá pín in. Ẹni tí omijé rẹ̀ kéré á yàtọ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún iyọ̀ omijé, àwọn dókítà fohùn ṣọ̀kan lórí 308 mOsm fún lítà kan gẹ́gẹ́ bí ààlà. Ọ̀rá tó kàsì kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀.

Owó ńlá wà lórí èsì náà. Oògùn kan tó ń jẹ́ reproxalap wà tí wọ́n ṣe láti mú àwọn mólékù bíi MDA kí wọ́n tó lẹ̀ mọ́ purotéènì. Bí ọ̀rá tó kàsì bá jẹ́ orísun, oògùn yìí yẹ kó mú ara tu aláìsàn. FDA, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò oògùn ní Amẹ́ríkà, dá ìwé rẹ̀ padà ní oṣù kọkànlá 2023, ó tún dá a padà ní oṣù kẹrin 2025, nítorí ẹ̀rí kò tíì tó nígbà náà pé ó ń dín ohun tí aláìsàn ń ní lójú kù. Èyí kò sọ pé ọ̀rá náà kì í kàsì. Ohun tó sọ ni pé ọ̀nà láti ibi rírí i dé ibi wíwo aláìsàn sàn gùn.

Òróró ẹja ńkọ́?

Ìwádìí DREAM ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2018, kó ènìyàn 535 tí ojú wọn ń gbẹ jọ. Apá kan mu mílígíráàmù 3,000 omega-3 lójoojúmọ́ fún ọdún kan, apá kejì mu òróró ólífì. Wọ́n ní ìwọ̀n ìnira ojú kan tó ń lọ láti 0 dé 100. Ti àwọn tó mu omega-3 dín ní 13.9, ti àwọn tó mu òróró ólífì dín ní 12.5. Ara tu apá méjèèjì, ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó ohun tí a lè gbé lé omega-3 lórí. Àwọn kan ṣì ń jiyàn pé òróró ólífì fúnra rẹ̀ lè ti ṣe iṣẹ́ díẹ̀, àti pé púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ń lo oògùn mìíràn lọ́wọ́.

Ẹ rántí DHA tó ní ìdè onílọ́po méjì mẹ́fà. Kápúsù òróró ẹja tó ti jókòó sínú oòrùn lórí àtẹ ní ọjà Ouando fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè ti kàsì kí ẹ tó rà á. Ẹ gé ọ̀kan, ẹ gbóòórùn rẹ̀: òórùn ẹja jíjẹrà tàbí ti ọ̀dà ilé jẹ́ àmì pé ó ti bàjẹ́.

Ṣé mo lè ṣe àyẹ̀wò yìí ní Àjàṣẹ́?

Kì í ṣe àyẹ̀wò tí dókítà ń kọ fún aláìsàn, ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí níbòmíràn. Dókítà ojú kò sì nílò rẹ̀ kó tó mọ̀ pé ojú ń gbẹ. Ó á bi yín ní ìbéèrè, á kán àwọ̀ fluorescein sójú yín, á ní kí ẹ má ṣẹ́jú: bí omijé bá ya kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá 10, kò dára. Ó lè fi bébà Schirmer wọ̀n ọ́n. Mílímítà 5 tàbí kéré sí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5 túmọ̀ sí pé omijé kéré. Ó á tẹ etí ìpéǹpéjú láti wo bí ọ̀rá ṣe ń jáde. Èyí tó dára máa ń mọ́ gaara bí òróró. Èyí tí kò dára máa ń nípọn, ó tiẹ̀ lè jáde bí ọṣẹ ìfọyín.

Fún ọ̀rá tó ti dì, aṣọ tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, tó bí 40 °C, tí a gbé lé ìpéǹpéjú fún ìṣẹ́jú 10, tí à ń tún un rì bó ṣe ń tutù, ló máa ń yọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ìka tó mọ́ rọra fọwọ́ pa á lọ sí etí ìpéǹpéjú. Ẹni tó ń kán omijé àtọwọ́dá ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lóòjọ́, kí ó béèrè ní famasí fún èyí tí kò ní èròjà ìpamọ́. Benzalkonium, tó wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ìgò yòókù, máa ń ṣe ojú ní jàǹbá bó bá pọ̀.

Ọmọdé tí ojú rẹ̀ gbẹ, tí kì í ríran dáadáa bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, lópítà ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Àìtó fítámì A ló sábà máa ń fa ìyẹn, ó sì lè fọ́ ojú. Àgbà tí ojú rẹ̀ ń dùn ún gan-an, tí kò lè wo ìmọ́lẹ̀, tàbí tí ìríran rẹ̀ dín kù lójijì, òun náà kò gbọ́dọ̀ dúró de àtẹ̀jíṣẹ́ kankan.

Bí wọ́n bá pè mí láti wá fi omijé sílẹ̀ fún ìwádìí ńkọ́?

Ẹ má fi òrí, ìpara tàbí tìróò sójú láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ fi omi lásán bọ́jú. Ẹ sọ orúkọ gbogbo oògùn ojú tí ẹ ń lò, kí ẹ sì béèrè wákàtí mélòó ló yẹ kó kọjá kí wọ́n tó gba omijé. Ó kéré tán, wákàtí 2 ni púpọ̀ nínú wọn ń fẹ́. Ẹ má fi ọwọ́ ra ojú, ẹ má sì jókòó síbi èéfín igi kí ẹ tó wọlé. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí ìgò náà ń lọ àti ohun tí wọ́n fi ń dì í. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n gbé bébà yín sórí tábìlì kí ó gbẹ, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé kí ni ẹ̀rọ fẹ́ wọ̀n lára rẹ̀.